Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìrìn àjò àwọn ọmọ wa sí Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà. Ọmọbìnrin 10 ni mo ń kọ́ ní fọ́líbọ́ọ̀lù. A fẹ́ gba Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ lọ Abẹ́òkúta, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì gun Òkè Olúmọ. Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ìlú Kétu wa, ni wọ́n mọ̀ láti kékeré. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun.

Ẹnubodè ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn òbí ti fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n èdè Faransé la fi kọ ọ́. Ṣé wọ́n á gbà á lọ́hùn-ún? Ibo la ti lè ṣẹ́ sẹ́fà, owó tiwa níbí, sí náírà tí wọn ò ní rẹ́ wa jẹ? Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ti gbé bàtà tuntun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá a padà lójú ọ̀nà.