Pontiac Vibe tí wọ́n ní Toyota ni: ṣé kí n rà á?

Àǹtí Tíṣà, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ní Iwo Road, Pontiac Vibe ọdún 2006. Ojú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti Toyota Matrix tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ń búra pé Toyota ni, pé orúkọ lásán ló yàtọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ní àwọn tó ṣe é ti kógbá sílé, bó bá bàjẹ́ pẹ́nrẹ́n, adìẹ ni yóò máa yé sínú rẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ilé ìwé ni mo fẹ́ máa fi í lọ, mo sì máa ń kó aṣọ lọ sọ́jà ní òpin ọ̀sẹ̀.

Rẹwáyà Sángo:
Àǹtí wa, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Pontiac ti kú. General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ló ni í, nígbà tí gbèsè sì gbé wọn dé kóòtù ní 2009, wọ́n pa orúkọ náà tì. Ṣùgbọ́n Vibe kì í ṣe ọmọ bíbí inú Pontiac. General Motors àti Toyota ló jọ ni ilé iṣẹ́ kan ní Fremont, California, tí wọ́n ń pè ní NUMMI. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti 2002 títí di oṣù kẹjọ 2009. (Tesla ló wà níbẹ̀ báyìí.) Matrix ni ìbejì rẹ̀, Kánádà ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, ìdí Corolla sì ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì lé. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 inú ọ̀pọ̀ ti 2006, tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, òun náà ló wà nínú àwọn Corolla ìgbà yẹn tó kún ìgboro.

Bọ̀dá Houston:
Mo lo ti 2005 níbí, ó sì sìn mí dáadáa. Síítì ẹ̀yìn máa ń wólẹ̀ pẹrẹsẹ, ti èrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà náà sì máa ń dojú bolẹ̀, àkàbà gígùn á wọlé. Ike líle ló wà nílẹ̀ búùtù, ẹ fi omi nù ún, ó parí. Gíláàsì ẹ̀yìn ń dá ṣí láìṣí ilẹ̀kùn búùtù. Tèmi ní ihò iná 115 volt níwájú, ṣùgbọ́n ẹ má ki nǹkan 240 tiwa bọ̀ ọ́ o, àfi ṣájà tí wọ́n kọ 100-240 sí lára. Toyota tiẹ̀ gbé Vibe lọ sí Japan, wọ́n pè é ní Voltz. Kò tà níbẹ̀, 2004 ni wọ́n pa á tì.

Alápáàtì Gate:
Ẹ má dárúkọ Pontiac níwájú àwọn tó ń ta páàtì o, àǹtí. Ẹ sọ pé Matrix 2006 lẹ fẹ́. Plọ́ọ̀gì, bíréèkì, ohun tó jẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀ wà. Ojú rẹ̀ ni ìjàngbọ̀n: iná iwájú, bọ́ńpà àti grille jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ti Matrix kò wọ̀ ọ́. Tí ọ̀kan bá ti sán, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò kí ẹ tó sanwó. Ẹ wò ó bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wà á, torí irú ẹ̀ wà ní 2006, iṣẹ́ ìyẹn sì pọ̀ lábẹ́ ju èyí tí iwájú nìkan ń fà lọ.

Ìyá Ìbejì:
Ti 2009 ńkọ́? Mo rí ọ̀kan tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4.

Rẹwáyà Sángo:
Màmá, 2.4 yẹn máa ń mu ọ́ìlì. Ẹ wá 1.8.
Àǹtí Tíṣà, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó tanná sí i. Bí èéfín búlúù bá yọ, ẹ máa lọ. Ẹ wo VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, 5Y2 ló gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n pe Vibe 2005 sí 2008 padà fún àtúnṣe nítorí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tó lè mú un kú lórí ìrìn, wọ́n sì tún pe ti 2003 sí 2007 nítorí airbag tí Takata ṣe (báàgì tó máa ń wú láti gba èèyàn là bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan).

Àǹtí Tíṣà:
Mo ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ṣe ti kọ̀ǹpútà. Wọn ò tíì ṣe ti airbag.

Rẹwáyà Sángo:
Airbag èrò tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà nìyẹn. Bó bá bẹ́, irin inú rẹ̀ lè fọ́ sára èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti dé ibí. Ẹ má ra airbag tòkunbọ̀ fi dípò, ọ̀kan náà ni. Ẹ má sì rò pé Matrix ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ níbẹ̀, òun náà wà nínú ìpè yẹn, ẹ tẹ VIN tirẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe airbag rẹ̀ nínú méjèèjì ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.