Ìsanra àsanjù: ẹnu ni, ìdílé ni, àbí oògùn?

Ọmọ Gérí Àlímì: Ẹ bá wa dá sí i o. Ọmọ ìyá méjì ń jẹun nínú abọ́ kan náà, ọ̀kan gbẹ bí igi, èkejì ń sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn kan ní ìdílé ni, àwọn kan ní òróró ni, àwọn míì ní abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí ni. Èwo gan-an? Báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ̀ pé ó ti kọjá ààlà?

Adáná Tanke: Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Ẹ fi gíga yín ní mítà pín kílò yín, kí ẹ tún fi gíga yẹn kan náà pín èsì rẹ̀. Ẹni tó wọn 90 kg, tó ga 1.60 m: 56.25, lẹ́yìn náà 35. Bó bá ti tó 30, àsanjù ni. Ẹ tún fi téèpù yí ikùn ká láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti eegun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá mí síta. Bó bá ju 88 cm lọ fún obìnrin, tàbí 102 fún ọkùnrin, ewu ti pọ̀. Ẹ má fa ikùn wọlé o!

Ní ti ohun tó ń fà á, òróró ni mo dì mú. Gíráàmù kan rẹ̀ ní kálórì 9, ti èlùbọ́ kò ju bíi 4 lọ. Ṣíbí ìjẹun kan òróró tó kálórì 120. Ẹ wo wàrà díndín l'Ọ́jà Ọba: bí òróró ò bá gbóná tó kí wọ́n tó da wàrà sí i, ara rẹ̀ ò ní tètè gan, á wá máa mu òróró bíi kànìnkànìn. Kí ẹ tó délé, òróró ti gba inú bébà já. Ẹ jẹ́ kó ro sórí ajere dáadáa kí wọ́n tó wé e.

Ará Ọ̀fà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dáhùn ti ọmọ ìyá méjì. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé àjogúnbá ló ń fa bíi 40 sí 70 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n ara àwọn èèyàn. Ẹ tún gbàgbé mínírà. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò: bó bá kọ gíráàmù ṣúgà 11 sí 100 ml, ìgò 50 cl ti gbé 55 g, bíi kóró ṣúgà 14. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju nǹkan bí 50 g lọ lójúmọ́.

Apòògùn: Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta máa ń mú àwọn kan sanra, kì í ṣe gbogbo wọn. Bí ẹni 60 kg bá ti kọjá 63 láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sábà máa ń pọ̀ sí i ni; kó béèrè ọ̀nà míì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni dexamethasone, oògùn kan tó wà fún dídín ara wíwú kù, tí wọ́n ń lò kí ara lè yọ. Ojú á wú, ikùn á yọ, apá àti ẹsẹ̀ á máa tín-ín-rín. Ẹni tó bá sì ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Dókítà ni kó máa bá a dín in kù.

Ọmọ Gérí Àlímì: Ẹ ṣeun. Ṣé téèpù télọ̀ ṣeé lò?

Adáná Tanke: Ó ṣeé lò, bí kò bá tíì nà. Ẹ fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.