Àbọ̀ ọ̀rọ̀ géèjì epo Peugeot 504 mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo kọ ọ́ síbí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ọwọ́ géèjì epo ọkọ̀ àtijọ́ mi kò kúrò lójú òfo, bí mo tilẹ̀ rọ epo kún tánkì kí n tó kúrò ní Kàdúná wá sí Àbújá. Réwáyà kan ní kí n ra géèjì mìíràn. Inú mi dùn pé n kò tíì náwó náà.

Ní àárọ̀ Sátidé, nínú ọgbà ilé wa ní Gwarinpa, mo tú wáyà tó lọ sórí sẹ́ńdà tánkì (ohun tó ń sọ iye epo inú tánkì fún géèjì), mo fi wáyà gígùn kan fà á jìnnà sí tánkì (ìtapàrà iná àti òórùn epo kì í gbélé pọ̀), mo yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí iná lè dé géèjì, mo sì fi ẹnu wáyà náà kan irin ara ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ géèjì ń gòkè! Èyí fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe géèjì. Wáyà áàtì sẹ́ńdà, ìyẹn èyí tó so ó mọ́ irin ara ọkọ̀, ni ìpẹtà ti jẹ, tí orí bóòtù rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀ Kàdúná. Mo fi sáńdípépà ha á títí irin fi dán, mo dè é padà, géèjì sì ń sọ òótọ́ láti ìgbà náà.