Ìwádìí tí mo kà lórí schizophrenia ti dà mí lọ́kàn rú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọmọ ọdún 22 ni àbúrò mi ọkùnrin. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gbọ́ ohùn tí àwa kì í gbọ́, tó sì ń sọ pé àwọn kan ń ṣọ́ òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn yẹn ló ń dùn mí jù. Ó ti dákẹ́. Ọmọ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, ó lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ láìsọ̀rọ̀, ìwẹ̀ gan-an a di ogun. Dókítà ní schizophrenia ni. Wọ́n ti lo oògùn méjì fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́ dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Wọ́n wá ní kó bẹ̀rẹ̀ clozapine.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwádìí lóru, ohun mẹ́ta ni kò sì jẹ́ kí n sùn. Mo kà á pé ìdá 80 nínú 100 àìsàn yìí jẹ́ àjogúnbá, èmi sì ń múra ìgbéyàwó. Ṣé ó máa kan èmi náà, tàbí àwọn ọmọ tí n ó bí? Ẹnì kan nínú ẹbí tún sọ fún màmá wa pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló fà á, omi ò sì gbẹ lójú màmá mọ́. Ẹ̀kẹta, mo kà á pé clozapine ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Oògùn tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ kẹ̀? Ẹ má fún un o. Ẹ jẹ́ kó sinmi gbogbo oògùn fún oṣù díẹ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Màmá, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yẹn léwu. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń tọ́jú tó tún dé wọ́ọ̀dù wa, oògùn ni wọ́n dá dúró fúnra wọn.

Òótọ́ ni ohun tí Ẹ̀gbọ́n kà. Ní 1975, àwọn aláìsàn kan tó ń lo clozapine ní Finland kú nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wọn, tí ń bá àrùn jà nínú ara, tán, ọ̀pọ̀ ibi sì pa oògùn náà tì. Kí ló wá dé tó fi padà? Ní 1988, John Kane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi í wé chlorpromazine, oògùn tó ti wà láti 1952, lára aláìsàn 268 tí oògùn mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 30 nínú 100 àwọn tó lo clozapine ni ara wọn ń yá. Ti chlorpromazine, 4 péré. Irú àwọn tí ó bá jẹ́ pé oògùn méjì ti kọjá lára wọn láìṣiṣẹ́, bíi ti àbúrò yín gẹ́lẹ́, ni a ń fún.

Ewu ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í tó ẹnì kan nínú 100, òun ló sì fa yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ. Bí ibà bá mú un tàbí ọ̀fun ń dùn ún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Jíìnì:
Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé ni mo ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, iye yẹn sì ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán. Ìdá 80 kò túmọ̀ sí pé ẹ ní ewu 80 nínú 100. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni pé, nínú ohun tó mú kí àwọn kan láwùjọ ní in tí àwọn mìíràn kò ní, báwo ni ipa jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a jogún lọ́wọ́ òbí, ṣe tó. Ewu ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò aláìsàn wà ní nǹkan bíi 9 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú irú yín 100, bíi 91 kò ní ní in láé. Ti àwọn ọmọ yín tún kéré sí i.

Kódà ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde, tí jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà: bí ọ̀kan bá ní in, bíi 40 sí 50 nínú 100 ni èkejì fi ń ní in. Bó bá jẹ́ jíìnì nìkan ni, 100 ni ì bá jẹ́. Kò tilẹ̀ sí jíìnì kan pàtó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022, tí àwọn aláìsàn inú rẹ̀ lé ní 76,000, rí ibi 287 nínú àbùdá ènìyàn tó lọ́wọ́ sí i, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju fíntín lọ. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà: àwọn tí ìyá wọn lóyún wọn nígbà ìyàn ńlá ní Netherlands ní 1944 sí 1945, ewu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Igbó mímu lọ́pọ̀ nígbà ọ̀dọ́ náà ń dá kún un.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka èsì yín lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá wá ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Jíìnì:
Àwọn dókítà ló kọ́kọ́ ṣe aburú yẹn. Ní 1948, Frieda Fromm-Reichmann kọ ọ́ pé ìwà ìyá lè fa schizophrenia, ọ̀pọ̀ ìyá sì ru ẹ̀bi yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1966, Leonard Heston ṣèwádìí ọmọ 47 tí ìyá wọn ní àìsàn náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ìyá láti ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí wọn. Márùn-ún nínú wọn ní in. Nínú àwọn 50 tí wọ́n tọ́ bákan náà, tí ìyá wọn kò ní in, kò sí ẹyọ kan. Ìtọ́jú ìyá kọ́ ló fà á, nítorí ìyá wọn kò tọ́ wọn rárá. Ẹ ka èyí sí màmá létí. Ẹ kà á sí ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn náà létí.

Mo Ń Gbé Pẹ̀lú Rẹ̀:
Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti sọ fún mi pé schizophrenia ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n, ìdákẹ́ tí ẹ sọ yẹn, ara àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí ìgbéraga. Nígbà tí mo wà nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi nínú yàrá kejì. Ohùn tí mo ń gbọ́ ń bú mi, ará ilé tún ń bú mi, mi ò mọ èyí tí mo lè sá fún. Ẹ má bá a jiyàn pé kò gbọ́ nǹkan. Ẹ bi í pé, "Ṣé ó ń bà ọ́ lẹ́rù?" Ìbéèrè yẹn ni àbúrò mi obìnrin bi mí tí mo fi sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun, arákùnrin. Ìwádìí gbè yín lẹ́sẹ̀: George Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London rí i pé àwọn aláìsàn tó padà sí ilé tí wọ́n ti ń ṣe àríwísí wọn ṣáá, àìsàn náà tètè ń padà sí wọn lára. Ọ̀rọ̀ ilé kò fa àìsàn, ṣùgbọ́n ó lè jí i.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Mo ti kà gbogbo rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ mi jẹ, ọmọ mi, má gba ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin:
Mo dúpẹ́, Mà. Mo bi í lálẹ́ àná bóyá ohùn náà ń bà á lẹ́rù. Ó ní, "Gan-an ni." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo lè tẹ̀ lé òun lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọjọ́ Ajé ni a ń lọ. Kí ni kí n bi dókítà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń mu sìgá, ẹ sọ, kó má sì jáwọ́ lójijì láìwí fún wọn, torí oògùn náà á pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹ tún máa bi í lójoojúmọ́ bóyá ó yàgbẹ́. Ojú lè máa tì yín, ṣùgbọ́n clozapine lè dí ìfun pa débi tí ẹ̀mí fi máa wà nínú ewu. Ọjọ́ méjì láìyàgbẹ́, ẹ pè wọ́n.