Báwo ni ọkàn ṣe ń balẹ̀ nígbà tí ìdáhùn ò tíì dé?

Olùbéèrè:
Ẹ kú àdúrà o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú Olúwa. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ káàkiri. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò níbì kan, wọ́n ní kó máa retí ìpè àwọn. À ń retí. Àdúrà ò dáwọ́ dúró nílé wa, ààwẹ̀ náà ò dúró, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, oorun ò ní kùn mí. Fóònù á dún, àyà mi á já.

"Dúró de Olúwa" ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi. Mo gbà, mo sì fẹ́ dúró. Bí wọ́n ṣe ń dúró ọ̀hún ni mi ò mọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún ọkọ mi pé tó bá ń wáṣẹ́ kiri, á jẹ́ pé kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀rù tó ń bà mí? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣí Sáàmù 13 lálẹ́ yìí, ẹsẹ 6 péré ni. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Nígbà tó fi máa dé ẹsẹ 5, ó ti ń sọ pé àánú Rẹ̀ lòun gbẹ́kẹ̀ lé. A ò sì gbọ́ níbẹ̀ pé ọ̀tá ti lọ o. Bó ṣe ń ṣe ọ́ gan-an ni kó o ṣe sọ ọ́ fún Un. Tó o bá ń to ọ̀rọ̀ dídùn síwájú Rẹ̀ nígbà tí inú rẹ ń dàrú, ẹrù yẹn ṣì wà lórí rẹ nìyẹn.

Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́:
Màmá, ẹ má mikàn rárá. Mo gbà á pé kí oṣù yìí tó parí, ẹ̀rí lẹ máa jẹ́!

Olùkọ́ Bíbélì:
Àbúrò mi ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ ká yéé dá ọjọ́ fún Ọlọ́run. Ẹni tí a bá dá ọjọ́ fún, tí ọjọ́ náà bá kọjá, ìbànújẹ́ rẹ̀ á di méjì. Nínú Jeremáyà 28, wòlíì èké kan, Hananáyà, sọ fáwọn èèyàn pé ọdún 2 péré ni ìgbèkùn Bábílónì máa gbà. Jeremáyà ní 70 ọdún ni. Gbogbo wa la mọ orí 29 ẹsẹ 11 sórí, èyí tó sọ pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí wọn, ẹsẹ 10 tó sọ iye ọdún náà la kì í kà. Ẹ tún wo ohun tó ní kí àwọn ìgbèkùn náà máa ṣe: kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n sì gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Kò ní kí wọ́n káwọ́ gbera.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ sọ fún ọkọ yín pé kó máa wáṣẹ́ lọ. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di ẹni 30 ọdún kó tó dúró níwájú Fáráò. Nínú túbú, ó bẹ agbọ́tí Fáráò pé kó rántí òun lọ́dọ̀ ọba. Ó ń dúró de Ọlọ́run, ó sì ń la ẹnu. Odindi ọdún 2 ni agbọ́tí fi gbàgbé rẹ̀.

Ọba Sọ́ọ̀lù ni kí ẹ má fara wé, nínú 1 Sámúẹ́lì 13. Ó dúró de wòlíì Sámúẹ́lì fún ọjọ́ 7, ó wá rí i pé àwọn èèyàn ń tú ká, ló bá lọ rú ẹbọ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti rú. Bó ṣe ń parí rẹ̀ báyìí ni Sámúẹ́lì dé. Ìbẹ̀rù lè ti èèyàn dé ibi tí kò yẹ kó dé: irọ́ nínú ìwé ìwáṣẹ́, owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, gbèsè tí apá ò ká. Ìyẹn ni kánjúkánjú tí Bíbélì kọ̀, kì í ṣe ìwé ìwáṣẹ́ tó ń kọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ò gbọdọ̀ fò wá o. Tó bá ti ń ṣe yín lemọ́lemọ́, ẹ lọ rí dókítà. Nígbà tí wòlíì Èlíjà ní kí òun kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì jí i pé kó jẹun, ó sì sùn láàárín, kó tó rìn dé òkè Hórébù tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Ara yín náà nílò ìtọ́jú. Ẹ dín ààwẹ̀ kù ná.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ọmọ mi, ka Fílípì 4:6-7 pẹ̀lú. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n nígbà tó kọ lẹ́tà yẹn. Ó ní ká sọ ohun tá a fẹ́ fún Ọlọ́run pẹ̀lú ọpẹ́, àlàáfíà Rẹ̀ yóò sì máa ṣọ́ ọkàn wa. Kò ní ó dìgbà tí ohun tá a béèrè bá dé. Ohun tó jẹ́ kí èmi lè sùn nígbà tèmi nìyẹn, ìdáhùn ò sì tíì dé nígbà yẹn.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi náà ka gbogbo rẹ̀, ó ní kí n bá òun dúpẹ́. Màá lọ rí dókítà. Ó wá ń béèrè pé, ṣé òun lè pe ibi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, àbí kóun ṣì dákẹ́?

Olùkọ́ Bíbélì:
Kó pè wọ́n, kó fi ọ̀wọ̀ béèrè ìgbà tí èsì máa jáde. Kó sì máa kọ̀wé sí ibòmíràn lọ.