Iná sólà abúlé wa kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án: ta ló yẹ ká bi?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Ọdún 2021 ni wọ́n gbé iná sólà wá fún wa, bátìrì ẹ̀ wà nínú kọ̀ńténà funfun kan lẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n ní owó òkè òkun ni, pé kí a fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ kí ayé má baà gbóná jù. Mo ta tèmi, mo fi owó ẹ̀ ra fíríísà.

Lóṣù tó kọjá, nǹkan jó nínú ẹ̀rọ wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Kámpínì ní ohun tó jó ò sí ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi ti ń ṣàn lábẹ́ fíríísà mi. Páálí Titus méjì. Mo ṣa igi jọ, mo yan wọ́n mọ́jú, èéfín bo gbogbo àdúgbò. (Ayé á ti gbóná díẹ̀ sí i lóru ọjọ́ yẹn.)

Yúníìtì tún wọ́n. ₦1,000 ò fún mi ní márùn-ún, àbúrò mi n'Íbàdàn ń rí ju mẹ́rìnlá lọ, nígbà tí wọ́n bá rántí mú iná wá ṣá. Bí òyìnbó bá ti sanwó, kí la tún ń san?

Ẹnjiníà Wáyà: Ìyá, ẹ kú àdánù. Òyìnbó ò san gbogbo ẹ̀ o. Mi ò mọ ti abúlé yín, àmọ́ nínú ètò NEP (ètò mímú iná dé ibi tí kò sí) tí Wọ́ọ̀dù Báńkì yá ìjọba wa lówó fún ní 2018, $350 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún kámpínì lórí ilé kọ̀ọ̀kan tó bá fa iná sí, ìyẹn lẹ́yìn tí iná bá ti tàn dáadáa fún 90 ọjọ́. Ìyókù, kámpínì á lọ wá a, owó èlé ló sì sábà máa ń jẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra bátìrì. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tí 2024 fi parí. Ẹ wá wo 90 ọjọ́ yẹn: bátìrì kì í ṣàìsàn lóṣù mẹ́ta. Ó di ọdún kẹta, ìkẹrin.

Ọmọ Ìlárá, London: Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ayé tó ń gbóná, ní Copenhagen ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣèlérí pé bó bá fi máa di 2020, àwọn á máa kó $100 bílíọ̀nù jọ fún àwa orílẹ̀-èdè tó ṣì ń gòkè àgbà lọ́dún. 2022 ni wọ́n tó rí i ṣe, gbèsè ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Níbi ìpàdé yẹn ní Baku ní 2024, ó di $300 bílíọ̀nù, tó bá di 2035. Ìyá, ẹja yín ò lè dúró de 2035.

Bàbá Dúró: Ẹ fi Baku sílẹ̀ ná. Òfin NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, sọ pé bí kámpínì bá fẹ́ bá àdúgbò dá iye owó, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìwé wà. Ẹ bi Baálẹ̀ yín.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹ ṣé o. Inú àpótí aṣọ òkè Baálẹ̀ la ti rí i, ojú ewé mọ́kànlá, Gẹ̀ẹ́sì pátá. Ọmọ mi kà á fún wa. Wọ́n kọ iye ọjọ́ tí a ní láti fi sanwó, wọn ò kọ iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi tún un ṣe. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn á kọ́ ọmọ abúlé níṣẹ́ àtúnṣe. Ọmọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe níkòríta ni wọ́n mú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àkísà ni wọ́n kó fún un, pé kó máa nu páànẹ́lì. Wọn ò tíì ṣí kọ̀ńténà yẹn lójú ẹ̀ rí.