Lẹ́yìn físà: bí a ṣe ń fìdí kalẹ̀ ní Ìlú Ọba, láti ẹnu àwọn ará Òṣogbo

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ Òṣogbo tó ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn tó ń bá iṣẹ́ lọ náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ físà ló kún ẹnu gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà dunjú, ẹ là á fún wa: kí la ó kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọwọ́ ìtàn "nígbà tí èmi dé" kúrò ńbẹ̀. Iye owó, orúkọ ìwé, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ la fẹ́.

Akọ̀wé Ògo-Olúwa
Orí orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé WAEC gba orúkọ méjì, páásípọ́ọ̀tù gba mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí yunifásítì wá gbé orúkọ bàbá síwájú. Nílé níbí, ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Tí ẹ bá ti wọ bàlúù, ẹlòmíràn ni ẹ ó máa bẹ̀. Ẹ fi ti inú páásípọ́ọ̀tù ṣe ọ̀gá, kí ìwé yòókù tẹ̀ lé e.

Físà fúnra rẹ̀ kì í ṣe káàdì mọ́. Káàdì BRP, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ènìyàn ní àṣẹ láti gbé ìlú, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. eVisa ló kù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà, nínú àkáǹtì UKVI, ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí físà. Ọ̀fẹ́ ni ṣíṣí i. Ẹ wọ inú rẹ̀ nílé, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù tí ẹ fẹ́ fi rìn ló so mọ́ ọn, kí ẹ ka orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí físà máa parí, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín láyè láti ṣe. Tí àṣìṣe bá wà, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó gbéra. Ìméèlì tiyín àti fóònù tiyín ni kí ẹ fi ṣí i, nítorí ibẹ̀ ni kóòdù ìwọlé ń wá. Ọ̀pọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì ló ń fi ìméèlì tara wọn ṣe é fún oníbàárà. Ẹni tó bá ni ìméèlì náà ló ni kọ́kọ́rọ́ físà.

Ẹni tó bá gba páásípọ́ọ̀tù tuntun gbọ́dọ̀ lọ fi rọ́pò èyí tó wà nínú àkáǹtì. Tí kò bá ṣe é, wọ́n lè dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú, torí kọ̀ǹpútà wọn kò ní rí físà kankan lára ìwé tó mú dání.

Inú àkáǹtì kan náà ni ẹ ti ń yọ share code, kóòdù tí ẹ fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ohun tí físà yín gbà yín láyè. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, ọjọ́ 90 ló ń lò kó tó kú. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W ni ti agbanisíṣẹ́, R ni ti onílé. Bí ẹ bá fún onílé ní W, kò ní ṣí fún un, á sì rò pé ìwé yín kò pé.

Ìyá Ìbejì, ọjà Ìgbọ̀nà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ẹrù. Ẹran gbígbẹ, kìlíṣí, wàrà, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ẹran tàbí mílíìkì, òfin wọn kò gbà á láti Nàìjíríà, bó ti wù kó kéré tó. Ẹja gbígbẹ ń kọjá, kó má ju kílò 20 lọ. Ewédú tútù àti gbúre ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ewéko, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún kì í sábà fa wàhálà tí ẹ bá dì wọ́n dáadáa tí ẹ sì kọ orúkọ wọn sára ọ̀rá.

Ẹ má fowó ra adapter o! Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń lò níbí náà ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, agbára iná sì bára mu.

Oògùn yín, ẹ fi sínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Owó tó bá lé ní dọ́là 10,000, ẹ fi han kọ́sítọ́ọ̀mù ní àtijáde; ní àtiwọlé Ìlú Ọba, láti pọ́n-ùn 10,000 ni.

Àgbà Ọjà-Ọba
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ilé ló kù, òun gan-an ni kókó tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bánkì á ní kí ẹ mú àdírẹ́sì wá. Onílé á béèrè ìwé bánkì. Agbanisíṣẹ́ á ní òun kò lè san owó oṣù láìsí àkáǹtì. Ẹni tó bá dé láìní ibi tí lẹ́tà ti lè bá a lórúkọ ara rẹ̀, ojú kan ló máa wà. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti ní àdírẹ́sì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ilé yunifásítì, tàbí ilé ẹbí tó gbà tọkàntọkàn kí orúkọ yín máa bọ́ sí àpótí lẹ́tà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kí yunifásítì kọ lẹ́tà sí bánkì. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Bánkì orí fóònù bíi Monzo kì í sábà béèrè ìwé àdírẹ́sì, páásípọ́ọ̀tù àti ibi tí wọ́n máa fi káàdì ránṣẹ́ sí ni wọ́n ń fẹ́.

Owó ilé wá ńkọ́? Ní England, owó tí ẹ fi ń di ilé mú kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ìdúró (deposit) kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, bí owó ilé ọdún kan kò bá tó pọ́n-ùn 50,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ilé pọ́n-ùn 900 lóṣù: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12, kí ẹ pín in sí 52, ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ pọ́n-ùn 207.69, márùn-ún jẹ́ 1,038.46. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá pín 900 sí mẹ́rin, tó ní 1,125 ni ẹ ó san, ti fi pọ́n-ùn 86.54 lé e, bẹ́ẹ̀ òfin kò fún un lọ́wọ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á tún un ṣe.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí àjèjì san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan torí kò ní ìtàn gbèsè nílùú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2026, òfin tuntun ní England kò gbà kí onílé béèrè ju owó oṣù kan lọ ṣáájú.

Láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ bá san owó ìdúró, onílé gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àjọ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí: DPS, mydeposits tàbí TDS, kó sì fún yín ní ìwé rẹ̀. Tí kò bá ṣe é, kọ́ọ̀tù lè ní kó san ìlọ́po kan sí mẹ́ta owó náà fún yín. Àmọ́ ẹni tó gba yàrá nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kò sí lábẹ́ ààbò yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa sì nìyẹn, lọ́dọ̀ ọmọ ìlú ẹni, láìsí ìwé kankan. Ẹ gba rìsíìtì, kó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ní ọjọ́ àti iye.

Ẹ má fowó ránṣẹ́ láti Òṣogbo fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò bá yín wọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, igun yàrá, kápẹ́ẹ̀tì àti ojú mítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtutù ara ògiri tí ẹ kò bá yà lónìí, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kí ẹ san án lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jáde.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́ sà, àtúnṣe díẹ̀. England nìkan ni wọ́n ti ń fi kóòdù R yẹ ayálégbé wò. Ní Scotland, owó ìdúró lè tó ti oṣù méjì, ọjọ́ 30 tí ẹ sọ sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Kí àwọn tó ń lọ sí Glasgow má lọ máa bá ẹ́jẹ́ǹtì jà lórí òfin London.

Oníná Àyétòrò
Mítà tí à ń rọ owó sí kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n tiwọn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Méjì ni: ti iná lọ́tọ̀, ti gáàsì lọ́tọ̀. Gáàsì ló sábà ń mú omi àti ilé gbóná. Bí ti gáàsì bá tán, iná á máa tàn, omi á tutù, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ wo mítà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Tí owó bá wà níbẹ̀, ẹ wo ojú aago kékeré ara bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná: láàárín 1 sí 1.5 ló yẹ kó wà nígbà tó bá tutù. Tó bá ti wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún onílé.

Mítà náà ń jẹ owó lójúmọ́ bí ẹ kò tiẹ̀ tan gílóòbù kan. Ẹni tó bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì á bá gbèsè nílé, owó tó bá rọ sí i ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni gbèsè ẹni tó kó jáde. Kí ẹ tó rọ kọ́bọ̀ kan, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún ilé náà níná, ẹ ka nọ́ńbà ojú mítà fún wọn, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ wọlé, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì tuntun ránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ bá lórí fèrèsé, ẹ má fọwọ́ kàn án, gbèsè onígbèsè ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé ilé ìdáná díẹ̀ tí ẹ bá ń din ata. Agogo èéfín á dún, ẹ̀rù á ba gbogbo ilé, àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rá dì í lẹ́nu bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Òun ló máa jí yín lálẹ́. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má pa á, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde, kí ẹ pe 0800 111 999.

Akọ̀wé Ògo-Olúwa
Mo padà wá lórí iṣẹ́. Nọ́ńbà NI (National Insurance), tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó orí àti owó ìdójútòfò yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé ni ẹ ń béèrè rẹ̀, lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó, oníjìbìtì ni. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde, bí kóòdù W bá ti wà.

Owó orí ló ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Pọ́n-ùn 12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, kóòdù rẹ̀ sì ni 1257L. Tí ẹ bá rí W1, M1 tàbí X ní ìdí kóòdù lórí ìwé owó oṣù, tàbí tí ẹ rí 0T, ó jẹ́ pé ìsọfúnni yín kò tíì pé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè máa yọ ju bó ti yẹ lọ. Ibi tó ti ń wá ni fọ́ọ̀mù starter checklist, tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ tuntun, tí ènìyàn kò kọ tàbí tó kọ ọ́ ní ìkánjú. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, tí ẹ kò sì ní òmíràn, ẹ mú gbólóhùn A. Tí kóòdù bá ti tọ́, owó tí wọ́n yọ lé á padà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Máásítà: wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, láti Monday sí Sunday. Kò sí pé "ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣe mẹ́wàá, kí n ṣe ọgbọ̀n lọ́sẹ̀ yìí." Iṣẹ́ ara ẹni kò sì sí ńbẹ̀, títí kan fífi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fún ilé-iṣẹ́ orí fóònù. Fífi àkáǹtì ẹlòmíràn ṣe é burú jù, físà ló ń jẹ.

Ohun kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ẹni tó ní físà láti gbé níbẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó àti àwọn tó ń ta fóònù alásanpẹ́ ń wo ìwé orúkọ àwọn olùdìbò yẹn láti mọ̀ pé ẹni náà ń gbé ibi tó sọ. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ lo síìmù tí à ń ra káàdì sí, torí àdéhùn ọlọ́dún á kọ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì kan, Òkè-Báálẹ̀
Ẹ ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ físà, pọ́n-ùn 776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́, 1,035 fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, nítorí náà ẹ lò ó. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, lọ́sẹ̀ tí ẹ dé. Ẹ má dúró di ọjọ́ àìsàn. Òfin kò ní dandan ni ìwé àdírẹ́sì, bí akọ̀wé ibẹ̀ tiẹ̀ ń béèrè. Ẹ sọ genotype yín, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ lọ, ẹ sì kọ orúkọ tòótọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò, nítorí orúkọ ara páálí tiwa lè yàtọ̀ sí tiwọn. Oògùn kan jẹ́ pọ́n-ùn 9.90 ní England. Ní Scotland àti Wales, ọ̀fẹ́. 999 wà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, 111 fún èyí tó le àmọ́ tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ni ẹ ti ń béèrè ilé-ìwé ọmọ. Kò bófin mu rárá kí òbí na ọmọ ní Scotland àti Wales. Bí ẹ bá sì gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ "àǹtí" tí kì í ṣe ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá yín, fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kánsù gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ ṣé púpọ̀. Ìwé ọkọ̀ wa ńkọ́? Àti adìrẹ tí ìyá wa kó fún wa?

Ìyá Ìbejì, ọjà Ìgbọ̀nà
Ìwé ọkọ̀ Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 tí ẹ bá ti ń gbébẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò ni: orí kọ̀ǹpútà, 43 nínú 50, kí ẹ tó wa ọkọ̀ fún wọn. Ọjọ́ ìdánwò máa ń jìnnà, ẹ tètè gbà á.

Ti adìrẹ, ẹ fi omi tútù àti iyọ̀ díẹ̀ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nínú báàfù, lọ́tọ̀, títí omi fi mọ́. Ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Aró Òṣogbo ń yọ o, wọ́n á sì ní kí ẹ ra òmíràn fún wọn.